Ẹ Fi Gẹ̀ẹ́sì Rán Ọmọ Níṣẹ́

Ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kí ẹ fetí sí bí ọ̀gá ṣe ń pe ọmọ ìkọ́ṣẹ́. "Gbé sípánà 13 wá. Mi ò ní kí o gbé 14, 13 ni mo wí. Jáàkì dà?" Ọmọ náà lè má kàwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ kò ní ṣi 13 mú fún 14, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó kọ orúkọ irinṣẹ́ kankan sí pátákó fún un rí. Wọ́n rán an, ó lọ, ó mú un wá. Bó bá mú òmíràn wá, wọ́n á dá a padà. Kò ní pẹ́ tí gbogbo orúkọ tó wà nínú àpótí irinṣẹ́ á fi wọ̀ ọ́ lẹ́nu, Gẹ̀ẹ́sì sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọdé ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí ilé-ìwé bá ti jáde, ní Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo. Gbogbo ọgbọ́n tí mò ń dá nídìí iṣẹ́ yìí, ọ̀gá mẹkáníìkì ti ń lò ó tipẹ́. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá fi rán ọmọ níṣẹ́ ni kì í kúrò lórí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí tábìlì wa fi ń kún fún páálí, ìko, ìlẹ̀kẹ̀, agolo mílíìkì àti gọ́ọ̀mù, tí òbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé á fi dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣìnà.

Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tó san owó lẹ́sìnnì ń retí ìwé tó kún, tí tíṣà ti fi bírò pupa máàkì. Màmá ọmọ kan ò tilẹ̀ pẹ́ ọ̀rọ̀ sọ: "Àǹtí, ẹ má bínú o, ṣé iṣẹ́ télọ̀ lẹ̀ ń kọ́ wọn ni àbí Gẹ̀ẹ́sì?" Mo ní kí wọ́n jókòó díẹ̀ ná, kí wọ́n má wo ohun tí ọwọ́ ọmọ wọn ń ṣe, kí wọ́n kàn máa gbọ́ ohun tó ń jáde lẹ́nu ẹ̀.

Ohun tí wọ́n gbọ́ nìyí. Ọmọ méjìlá ló jókòó yí tábìlì ká, àlùmọ́gàjí mẹ́ta péré ló wà lórí rẹ̀. Àwọn èèyàn rò pé àìlówó ló fà á. Bàbá kan tiẹ̀ ra méjìlá wá fún wa, Ọlọ́run á san án fún wọn, mo dúpẹ́, mo sì kó o pamọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Tí ọmọ kọ̀ọ̀kan bá ní àlùmọ́gàjí tirẹ̀ àti gọ́ọ̀mù tirẹ̀, kí ló kù tó fẹ́ bá ẹnikẹ́ni sọ? Á dorí kodò, á ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán, á gbé e lọ sílé, kò sì ní la ẹnu sọ gbólóhùn kan. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ọmọ mìíràn ni àlùmọ́gàjí wà, àfi kó tọrọ rẹ̀. Òfin tábìlì wa sì ni pé Gẹ̀ẹ́sì la fi ń tọrọ irinṣẹ́. "Please pass me the scissors." Ẹni tó ń gé nǹkan lọ́wọ́ á fèsì: "Wait, I am still cutting." Èsì yẹn, mi ò kọ ọ́ sí pátákó rí. Ẹnu mi ni wọ́n ti gbọ́ ọ, nígbà tí àwọn náà ń nàwọ́ tí mi ò tíì dá wọn lóhùn.

Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń fi iṣẹ́ ọwọ́ kọ́ ọmọ lédè nìyí. Iṣẹ́ ọwọ́ kò lè kọ́ ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ lè ya àwòrán, kó gé bébà, kó lẹ̀ ẹ́, láti àárọ̀ dalẹ́, kó má mọ ọ̀rọ̀ kan kún ti àná. Ohun tó ń kọ́ ọ ni pé ó fẹ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ nìkan ló sì lè fi gbà á. Tíṣà ló máa ṣe ètò bí ọmọ yóò ṣe fẹ́ nǹkan náà.

Àwọn àbá iṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ súà fún irú àwọn ọmọ wọ̀nyí: abọ́ bébà tí wọ́n sọ di kìnnìún, ère tí wọ́n fi ìrì dídì mọ, elégédé tí wọ́n gbẹ́ ojú sí. Àwọn kan ní ká má fojú kàn án, torí ìrì dídì kì í bọ́ ní Òṣogbo. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Ọmọ tó ti gbọ́ bí ìjàpá ṣe gun ọ̀pẹ lọ sọ́run, tí kò ní kí wọ́n fi ọ̀pẹ náà han òun, ìrì dídì ò lè yà á lẹ́nu. Òwú tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì tó fi ṣe é. Ohun tí mi ò fẹ́ nínú wọn ni pé àgbà ti ṣe iṣẹ́ náà tán kó tó kan ọmọ. Tíṣà á ti yà á, á ti gé e, á ti fi gọ́ọ̀mù sí i. Ọmọ á kàn fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Á rẹwà lára ògiri, wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, gbogbo ilé á dunnú. Ẹ wá bi ọmọ náà pé báwo ló ṣe ṣe é. Á wo ojú yín.

Ìlẹ̀kẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù, ìlẹ̀kẹ̀ tí a fi bébà ṣe fúnra wa. Kàlẹ́ńdà àtijọ́ la fi ń ṣe é, kàlẹ́ńdà sì pọ̀ nílẹ̀ wa. Ìjọ ń tẹ̀ ẹ́, ẹgbẹ́ ń tẹ̀ ẹ́, ọlọ́jọ́ ìbí ń tẹ̀ ẹ́. Ti àwọn olóṣèlú ló dára jù, torí bébà rẹ̀ nípọn, ó ń dán, ìdìbò sì ti kọjá. A ó gé e ní onígun mẹ́ta tó gùn, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó ìka kan, tí orí rẹ̀ mú ṣóńṣó. Láti ìdí la ti ń ká a mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, ká máa ká a títí dé orí, ká fi gọ́ọ̀mù díẹ̀ dì í, ká fa ẹyọ ìgbálẹ̀ yọ. Àárín ìlẹ̀kẹ̀ náà á wú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á tín-ín-rín. Bí ọwọ́ ṣe ń ṣe é ni ẹnu ń sọ ọ́: cut, roll, glue, pull. Tó bá gbẹ, èmi ni mo ń kun fáníìṣì sí i, ní ìta, torí òórùn rẹ̀ kì í ṣe fún ọmọdé.

Eré ọ̀hún wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ìlẹ̀kẹ̀ bá ti pọ̀. Ọmọ méjì á kọ ẹ̀yìn síra wọn. Ọ̀kan á sin ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ bó ṣe wù ú, á máa pè é fún èkejì láìfi hàn án: "Two red beads, then one blue bead." Èkejì á máa sin tirẹ̀ bó ṣe ń gbọ́. Bí wọ́n bá parí, wọ́n á kọjú síra wọn, wọ́n á gbé okùn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bó bá bára mu, ariwo á sọ. Bí kò bá bára mu, ìjà dé, ìjà náà gan-an sì ni ẹ̀kọ́: ta ló ṣì í pè, ta ló ṣì í gbọ́? Mi ò ní láti fi bírò pupa kan ohunkóhun. Okùn ti máàkì wọn.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti kọ́ ọmọ Yorùbá ní Gẹ̀ẹ́sì mọ wàhálà "s" tó ń kẹ́yìn ọ̀rọ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ kan, ìlẹ̀kẹ̀ mẹ́wàá. Tiwa ò yí padà. Nítorí náà ọmọ á máa sọ "two bead" títí tó fi máa wọ sẹ́kọ́ńdìrì, bí o bá sì tún un ṣe nígbà ọgọ́rùn-ún, á sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. A wá fi òfin kan sí eré ìlẹ̀kẹ̀: bí ẹni tó ń pè é bá sọ "bead" láìfi "s" sí i, ìlẹ̀kẹ̀ kan péré ni olùgbọ́ á mú, ì báà jẹ́ mẹ́fà lòun ní lọ́kàn. Okùn á kúrú. Ọmọ tó fẹ́ borí á wá "s" rẹ̀ kiri bí owó tó sọnù. Tábìlì wa nìkan ni mo ti rí ọmọ ọdún méje tó ń kígbe mọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé, "Beads! I said beads!"

Nígbà míì mo máa ń fi àwòrán iṣẹ́ Jimoh Buraimoh hàn wọ́n, ẹni tó sọ ìlẹ̀kẹ̀ lílẹ̀ mọ́ pátákó di àwòrán tí ayé mọ̀ ọ́n mọ́. Ìlú yìí náà ló ti jáde. Iná ló ń bójú tó fún ẹgbẹ́ eré Dúró Ládipọ̀ kó tó di gbajúmọ̀ ayàwòrán. Ní 1962, Dúró Ládipọ̀ àti Ulli Beier, ọmọ Jámánì, dá Mbari Mbayọ̀, ilé tí wọ́n ti ń ṣe eré tí wọ́n sì ti ń ya àwòrán, sílẹ̀ ní Òṣogbo. Denis Williams láti Guyana darí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, Georgina Beier náà darí tirẹ̀ ní 1964. Òṣèré, onílù, àwọn tí kò ní ìwé ẹ̀rí kankan nínú àwòrán yíyà ló wọ ibẹ̀: Twins Seven Seven, Muraina Oyelami, Rufus Ogundele, Adebisi Fabunmi. Wọ́n kó ọ̀dà àti bébà lé wọn lọ́wọ́, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Bí òbí kan bá sọ fún mi pé eré ọmọdé ni fífi ọwọ́ ṣe nǹkan, nínú ìlú yìí láàrin gbogbo ìlú, mi ò kí ń mọ ibi tí ǹ bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé.

Àwọn òbí kan máa ń bẹ̀rù ìlẹ̀kẹ̀ nítorí ẹ̀sìn. Ẹni tó rí ìlẹ̀kẹ̀ ní Òṣogbo rántí Ọ̀ṣun, kò sì burú. Mo máa ń fi han wọ́n pé kàlẹ́ńdà ìjọ wọn ni. Ibẹ̀ ló máa ń parí sí.

Ti ọmọláńgidi ò gùn. Ìbọ̀sẹ̀ àtijọ́ tàbí àpò bébà la fi ń ṣe é, ọ̀kan dé fìlà, ọ̀kan wé gèlè. Iṣẹ́ wọn kò ju "he" àti "she" lọ, torí "ó" kan ṣoṣo la ní fún ọkùnrin àti obìnrin, ìyẹn ni ọmọ fi ń sọ pé "my mummy, he said". Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú ẹni tó wé gèlè, ojú rẹ̀ á máa rán an létí. Ohun tí mi ò retí ni bí àwọn onítìjú ṣe máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọmọláńgidi. Ọmọbìnrin kan tí kì í dáhùn bí mo bá pe orúkọ rẹ̀ fi ẹni tó dé fìlà bá gbogbo wa wí, ó ní a ń pariwo jù. Ó jọ bàbá àgbà ẹnìkan.

Adìrẹ ló gba àkókò jù, òun ló sì ń so èso jù. Ìlú aró ni Òṣogbo. Ọmọ tó dàgbà níbí, tí kò mọ bí aṣọ ṣe ń di aró, ti pàdánù ohun tí àwọn àlejò ń wọkọ̀ òfuurufú wá wò. Adìrẹ oníko la ń ṣe. Àwọn ọmọ á kó òkúta wẹ́wẹ́ tàbí ẹ̀wà sínú aṣọ funfun, wọ́n á fi ìko so ó pinpin, ìtòsí ìtòsí. Bí wọ́n bá fẹ́ òṣùpá bàm̀bà, wọ́n á gbá aṣọ jọ láti àárín, wọ́n á máa fi ìko yí i ká. Ìko líle ò ṣeé so lọ́wọ́ kan. Ẹnìkan á dì í mú, ẹnìkan á fà á: "Hold it tight. Pull. Tie it again." Àwọn ọ̀rọ̀ tí ìwé wọn kọ́ wọn fún odindi sáà kan ni wọ́n ń lò mọ́ra wọn láìronú nísinsìnyí.

Mi ò jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan aró fúnra rẹ̀. Sóódà tí wọ́n ń pè ní kọ́sítíìkì ni ọ̀pọ̀ aláró ń lò báyìí, á bó ọwọ́ ọmọ. Bí a bá fẹ́ kun nǹkan nínú yàrá wa, àtàlẹ̀ pupa la ń sè, á fún wa ní àwọ̀ ìyeyè tó dára. Sobo náà wà, àmọ́ ọṣẹ á ṣí i, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ kí wọ́n má wá sunkún. Ti aró gidi, Ìyá kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun la ń gbé aṣọ tí a ti so lọ fún. A ó dúró lẹ́yìn, wọ́n á tì í bọ ìkòkò.

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kí aláró, torí kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó lè rọ́pò ìyẹn. "Ìyá, àrẹ̀dú o!" Ìyá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ta ló bí ẹ̀yin wọ̀nyí. Ọmọ tó bá kí wọn dáadáa ni aṣọ tirẹ̀ á kọ́kọ́ wọ aró, mo gbà bẹ́ẹ̀, bí wọn ò tilẹ̀ sọ ọ́.

Bí aṣọ bá ń jáde nínú aró, kì í jáde ní dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, tó ń fà sí ìyeyè díẹ̀. Afẹ́fẹ́ á wá fẹ́ sí i, lójú wa báyìí, á bẹ̀rẹ̀ sí dú: etí aṣọ kọ́kọ́, lẹ́yìn náà gbogbo ara. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n rí i, kò sí ẹni tó rántí òfin kankan, Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ń ya lẹ́nu wọn pọ̀. "It is changing! It was green, it was green!" Ẹ wo "was" yẹn. Odindi ìwé gírámà ló wà fún un. Àwọn ọmọ wọ̀nyí rí i pẹ̀lú ojú wọn pé nǹkan kan wà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀, kò sí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ìyá ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ tó bá sì fẹ́ mọ ìdí tí aṣọ fi ń yí àwọ̀ padà, Yorùbá ló máa fi béèrè, kó sì bọ̀wọ̀. Ìyá á dáhùn pé afẹ́fẹ́ ló ń mú un dú, pé bí aṣọ bá wà nínú aró títí di ọ̀la tí atẹ́gùn ò kàn án, kò ní dú bẹ́ẹ̀. A ó padà sí Òkè-Fìà, ọmọ á kọ ọ́ sí páálí: "The air makes it blue." Kò rí i nínú ìwé. Ọ̀dọ̀ Ìyá ló ti gbọ́ ọ, ní èdè tí Ìyá mọ̀, ó wá gbé e wọ Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀.

Èyí ni mo fi ń dá àwọn tó ní kí n fòfin de Yorùbá lóhùn. Yorùbá kì í ṣe ọ̀tá ní tábìlì wa. Irinṣẹ́ la fi Gẹ̀ẹ́sì tọrọ, iṣẹ́ la fi Gẹ̀ẹ́sì rán ara wa. Àlàyé, ìjà, àwàdà, ọmọ lè fi Yorùbá ṣe é títí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ á fi tó o gbé. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, Gẹ̀ẹ́sì sì dá dúró gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n kọ́. Àwọn ọmọ náà ò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n tún ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ibẹ̀ ò jìnnà sí wa. Síbẹ̀ ọmọ ṣì ń bá mi tó ti san owó ìtanràn ní ilé-ìwé rẹ̀ torí pé ó sọ Yorùbá. Irú wọn kì í pariwo, kì í jà. Wọn kì í sọ̀rọ̀ rárá ni.

Mi ò kí ń fi ipá la irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu. James Asher, onímọ̀ nípa ìṣesí ẹ̀dá ní California, ló sọ ọ́ di ọ̀nà ìkọ́ni láàrin ọdún 1960 sí 1970: jẹ́ kí ara akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ dáhùn, kó ṣe ohun tí o ní kó ṣe, ẹnu á ṣí nígbà tó bá tó àkókò. Nítorí náà ẹni tí kò tíì fẹ́ sọ̀rọ̀ ni a ń rán jù. "Put the red paper under the cup. Give the string to your friend." Á lọ, á ṣe é, láìsọ nǹkan kan. Ọjọ́ tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá mú okùn tí kì í ṣe èyí tó fẹ́, ẹ máa gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló tún ń lọ sí ilé-kéwú, èyí sì dára fún mi. Ẹni tó ti wà nídìí wàláà kì í bẹ̀rù àkọ́sórí, bí mo bá fún un ní ewì Gẹ̀ẹ́sì lónìí, á kà á lórí lọ́la. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ́ sórí kì í sábà jáde nígbà tí wọ́n bá nílò rẹ̀. Àwọn méjèèjì ò tako ara wọn. Mo kàn mọ èyí tí iṣẹ́ mi jẹ́.

Nígbà tí sáà bá ń parí, a máa ń pa ọjà kékeré kan. Àwọn ọmọ á to iṣẹ́ wọn sórí tábìlì, wọ́n á kọ iye owó sí páálí, òbí á wá rà á. Gẹ̀ẹ́sì ni èdè ọjà náà, àwọn òbí kan ni ẹ̀rù sì máa ń bà jù. Mo ń sọ fún wọn ṣáájú pé kí wọ́n má kàn sanwó, kí wọ́n ná an, kí wọ́n bèèrè ohun tí wọ́n fi ṣe é. Bàbá kan ná okùn ìlẹ̀kẹ̀ títí, wọ́n ní kí ọmọ sọ "last price". Ọmọ náà, ọmọ Ọjà Ọba látìlẹ̀ wá, sọ iye tó pọ̀ ju èyí tó kọ síwájú lọ. Ó ní, "Because you are wasting my time, sir." Bàbá rẹ́rìn-ín, wọ́n san án. Èmi ò kọ́ ọ ní ìyẹn o.

Amọ̀ la fẹ́ ṣe ní sáà tó ń bọ̀. Mo ń wá ọ̀mọ̀kòkò tó máa gbà ká bá òun jókòó fún ọjọ́ kan, tó sì máa bá wa sun ohun tí a bá mọ. Àwọn màmá ti ní kí n tètè sọ ọjọ́ náà fún àwọn, torí aṣọ ilé-ìwé kọ́ ni ọmọ àwọn máa wọ̀ wá.